Gígun òkè Ṣábẹ nínú oṣù kẹta: ṣé ọ̀sán ni àbí ìyálẹ̀ta la fi ń jẹun lókè?

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ṣábẹ (Savè) ní ilẹ̀ Benin. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ wá gun òkè yín lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, kí òjò tó balẹ̀ dáadáa. A ò bá ẹnikẹ́ni figagbága, a kàn fẹ́ rìn, ká jẹun, ká sọ̀rọ̀, torí ó ti pẹ́ tí a ti jókòó pọ̀. Ètò wa ni pé ká bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní aago mẹ́wàá, ká dé òkè lọ́sàn-án, ká jẹun níbẹ̀, ká sọ̀kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyàwó mi máa se àtáṣì, ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà, sínú kúlà fún wa. Ẹnì kan ti sọ pé oṣù kẹta ò dáa rárá, ká dúró di oṣù kọkànlá. Ẹlòmíràn ní a máa sanwó fún àwọn àgbà ká tó gun òkè. Èwo ni ká ṣe?

* * *

Ẹ wá. Oṣù kẹta dáa. Ètò yín ni kò dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ tún un ṣe, torí mo fẹ́ràn òkè yìí, ó sì máa ń dùn mí tí àlejò bá gun òkè wa tó padà lọ máa sọ nílé pé ìyà lòun lọ jẹ.

Ṣábẹ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń tajà. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan máa ń gun òkè. Olùkọ́ ni, ọmọ Kétu, ilé ìwé kan náà la jọ lọ. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń bá a bọ̀. Ohun tí mo sì rí dì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kò sí oúnjẹ ọ̀sán lórí òkè Ṣábẹ nínú oṣù kẹta. Oúnjẹ ìyálẹ̀ta ló wà. Ẹni tó bá jẹun níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, tó sì ti wà nísàlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kí aago méjìlá tó lù, á gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní aago kan lòun máa ṣí abọ́, òkúta á yan án bí ẹ̀pà.

Ẹ wò ó báyìí. Pẹ̀lú aago tí à ń lò ní Benin, oòrùn kì í kan àtàrí ní aago méjìlá. Nínú oṣù kẹta, ó máa ń kù díẹ̀ kí aago kan lù kó tó dé góńgó. Àsìkò yìí náà ló sì ń bọ̀ wá sórí wa gan-an: ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ló máa ń gba òkè Ṣábẹ kọjá bó ṣe ń lọ sí àríwá. Nítorí náà, ní ọ̀sán oṣù kẹta òjìji yín á kó sábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Àpáta tó dà bí ọmú, tí kò ní igi lára, tí kò ní ihò tó gba èèyàn méjì, níbo lẹ fẹ́ sá sí? Àpáta náà sì ti ń gba oòrùn láti aago méje, ó ti gbóná dénú. Ooru á máa wá látòkè, á máa wá látìsàlẹ̀. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ni afẹ́fẹ́ wá ń gbóná jù, ó sì sábà máa ń kọjá dígírì 35.

Aago méje kù díẹ̀ ni ilẹ̀ ń mọ́. Ẹ wà nísàlẹ̀ òkè ní aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí ẹ bá ti lè rí ẹsẹ̀ ara yín.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ lẹ́yìn tèmi. Ẹni mẹ́rin ní oṣù kọkànlá, ẹni méjì ní ìgbà ọyẹ́. Mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Nínú oṣù kọkànlá, koríko ṣì ga ju èèyàn lọ. Ẹ ò ní rí ọ̀nà, ẹ ò ní rí ohun tó ká jọ sójú ọ̀nà. Paramọ́lẹ̀ kì í kúrò lọ́nà fún ẹnikẹ́ni, ó máa ń dúró síbi tó wà ni, ẹsẹ̀ ẹni ló máa ń lọ bá a. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Àárọ̀ tutù lóòótọ́, ìrìn sì rọrùn, n kò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ dé òkè tán, eruku funfun lẹ máa rí. Ìlú kò hàn, ètè ti là, ojú ń ta.

Nínú oṣù kẹta, koríko ti jó tàbí ó ti gbẹ, ọ̀nà hàn kedere. Tí òjò kan ṣoṣo bá ti rọ̀, ó ti fọ ojú ọ̀run. Láti òkè ẹ óò rí òrùlé páànù ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Kútọnu wá tó ń lọ sí Paraku. Kìlómítà 438 ni gbogbo rẹ̀, àtòkè ló ti máa ń yé mi bí Ṣábẹ ṣe fẹ̀yìn ti irin yẹn. Igi irúgbá á ti so, àwọn ọmọdé á máa lá ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè inú èèpo rẹ̀ lójú ọ̀nà. Koríko tuntun á máa yọ láàárín eérú dúdú, ó tinrín bí abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ojú yẹn máa ń wà. Mo fẹ́ kí ẹ rí i.

Ẹni tí ooru máa ń tètè mú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó dúró de oṣù kìíní, kó fara mọ́ eruku. Ìyẹn nìkan ni mo gbà pé ó yẹ kó dúró.

Ẹnì kan béèrè ti ààwẹ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ mi. Ní ọdún 2025, Ràmàdáánì bọ́ sínú oṣù kẹta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán. A ò gun òkè àfi lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ó sọ fún mi pé kí èmi lọ pẹ̀lú ẹlòmíràn, pé òun kò ní bínú. Mo ní rárá. Kí ni mo fẹ́ lọ bá lókè láìsí i? Ẹ má gun òkè lẹ́nu ààwẹ̀, omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ òkè yìí. Lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni èmi ń gbé, kì í sì í ṣẹ́kù.

* * *

Ó wá ku ti àtáṣì, mo sì fẹ́ kí ìyàwó ẹni tó béèrè fara balẹ̀ ka ibi yìí, torí oore ló fẹ́ ṣe.

Ní ọdún kejì tí a lọ, èmi náà se àtáṣì. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo dìde, mo fi ewé pòròpórò sè é kó pọ́n, mo rọ ọ́ sínú kúlà, mo fi aṣọ dì í. Aago kan ọ̀sán la tó ṣí i. Òórùn rẹ̀ kò burú. Ó kàn ń rùn díẹ̀ bí ẹ̀kọ tó fẹ́ kan, mo sì rò pé ata ni. A jẹ ẹ́ tán pátápátá. Kí àwọn Mùsùlùmí tó kírun ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi ti ń bì lẹ́bàá ọ̀nà, mo dì í ní orí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, inú tèmi náà ti ń rú. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rántí bí ọrùn rẹ̀ ṣe tutù lọ́wọ́ mi, ara mi máa ń bù máṣọ.

Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Tí ìrẹsì bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, á sì tu oró sínú oúnjẹ. Oró yẹn, kódà bí ẹ tún oúnjẹ náà gbé kaná, kì í lọ. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń tẹ̀ lé ni pé oúnjẹ sísè kò gbọ́dọ̀ dúró síta ju wákàtí méjì lọ, tí ooru ọjọ́ bá sì ti kọjá dígírì 32, wákàtí kan péré. Ẹ bá mi ka wákàtí láti ìdájí di ọ̀sán.

Ẹnì kan dáhùn pé kúlà tòun ń gbé ooru di alẹ́. Ó ṣeé ṣe. Oúnjẹ tó bá ṣì gbóná kọjá dígírì 60 kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru lọ sórí òkè? Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ẹ bá ṣí i, tí ẹ lè ti ìka bọ àárín rẹ̀ kí ẹ fi síbẹ̀ láìjó, kò gbóná tó, ẹ dà á nù. Wọ́n á ní ó fi oúnjẹ ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ohun tí a ń gbé báyìí: dùndú, wàgàsì díndín, ata gígún tí wọ́n dín gbẹ nínú òróró pẹ̀lú iyọ̀ tó tó, alùbọ́sà tútù odidi, máńgòrò. Gàrí àti ẹ̀pà wà nísàlẹ̀ àpò tí ohun gbogbo bá yí padà. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń dín dùndú àti wàgàsì. Bí a bá jẹ ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, òróró ti fà lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti le, inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn náà kọjá wákàtí méjì tí mo sọ; gbígbẹ rẹ̀ àti òwúrọ̀ tí ooru kò tíì mú ni mo gbójú lé. Wàgàsì ni wàrà àwọn ìyá Fúlàní, tí ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ń rà lójú títì nígbà tí ó bá ti di ọjọ́ mẹ́rin. Oje bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú wàrà náà dì, ewé ọkà bàbà ni wọ́n sì fi ń pa èèpo rẹ̀ láró pupa. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó padà bọ̀ sípò. Tí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Lẹ́yìn náà ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dín in lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n dín lẹ́ẹ̀kan ṣì máa ń ní omi nínú, omi yẹn ló ń bà á jẹ́.

Lókè, ọ̀rẹ́ mi ló máa ń gé alùbọ́sà. Ó ní ibì kan lára òkúta tó tẹ́ bí ọpọ́n, níbẹ̀ ló máa ń gé e sí ní ọdọọdún, ó máa ń fi omi díẹ̀ fọ̀ ọ́ ṣáájú. Alángbá kan á ti yọ orí pupa síbẹ̀, á máa gbórí sókè sódò bí ẹni tó ń gbà fún un. Èèpo alùbọ́sà tó bá bọ́, ó máa ń ṣà á padà sínú ọ̀rá. Kò sí ohun tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ rí.

* * *

Ẹni tó ní kí wọ́n kúkú dá iná lókè, kí wọ́n sun iṣu níbẹ̀ kó gbóná: ẹ jọ̀ọ́, rárá. Mo mọ̀ pé iṣu sísun pẹ̀lú epo lórí òkè á dùn. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta ni koríko gbẹ jù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, oko kajú sì wà káàkiri nísàlẹ̀. Ìgbà ìkórè kajú nìyẹn. Ẹ̀ta iná kan tó bá bọ́ sínú koríko, owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíràn ló ń jó lọ. Mo mọ ìdílé kan tí oko wọn jó ní irú àsìkò yẹn. Àwọn kan tó wá ṣe fàájì ló dá iná, wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n rò pé ó ti kú. Igi kajú tí iná bá pa, ẹ tún un gbìn, ọdún mẹ́ta ni ẹ óò dúró kó tó fi nǹkan hàn yín.

* * *

A ti yà sí ọ̀rọ̀ kajú, torí ẹni méjì ti bi mí bóyá wọ́n lè já èso rẹ̀ jẹ lọ́nà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ olóko. Tí ẹ kò bá rí olóko, èyí tó ti jábọ́ ni kí ẹ mú. Bàbá kan tí a bá lóko rẹ̀ ní ọdún kan sọ fún wa pé: "Ẹ jẹ ẹran rẹ̀, ẹ fi kóró rẹ̀ sílẹ̀ fún mi nídìí igi." Kóró ni owó. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe. A máa ń kó kóró jọ sídìí igi kí ó lè tètè rí i. Ẹ má sì fi ẹnu fọ́ kóró tútù láé, ẹ má ṣe jù ú sínú iná. Òróró inú èèpo rẹ̀ ń bó ètè bí omi gbígbóná, èéfín rẹ̀ náà ń ta ojú. Omi èso ọ̀hún sì ń ba aṣọ jẹ́ títí láé, ẹ má wọ funfun.

Ìjà gidi tó bẹ́ sílẹ̀ níbí ni ti kajú àti wàgàsì. Ẹni márùn-ún ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá jẹ kajú mọ́ wàrà, ikú ló jẹ. Gbogbo wa ni ìyá wa sọ ọ́ fún. Ìyá ọ̀rẹ́ mi máa ń wo inú àpò wa kí a tó jáde. Èmi ti jẹ méjèèjì pọ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, ara mi le. Ohun tí mo rí ni pé kajú máa ń fa ẹnu pọ̀, tí wàrà tútù bá sì pàdé ohun tó ń fa ẹnu pọ̀ bẹ́ẹ̀, á dì ní kíá. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ sínú ife tó rí i bó ṣe dì, mo mọ ìdí tí ẹ̀rù fi lè bà á. Ṣùgbọ́n wàgàsì ti dì tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀ n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni tàpá sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nítorí ìrìn ọjọ́ kan. Tí ọ̀rẹ́ mi bá wà níbẹ̀, wàgàsì la ń jẹ lókè, kajú sì di ìgbà tí a bá sọ̀kalẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, tèmi náà á balẹ̀.

* * *

Ó yẹ kí n ti sọ ti àwọn àgbà tipẹ́, torí òun ni ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ dùn mí. Ó ní: "Ọlọ́run ló dá òkè, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, n kò ní kí ẹnikẹ́ni kí n tó gùn ún." Ẹ gbọ́, arákùnrin mi. Nígbà ogun Dahomey, ní ọ̀rúndún 19, orí àpáta wọ̀nyí ni àwọn baba wa sá gùn. Wọ́n gbé ìkòkò omi gòkè, wọ́n gbé arúgbó gòkè, wọ́n pọn ọmọ. Àwọn kan bímọ síbẹ̀, àwọn kan sì kú síbẹ̀. Ilé ni. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Kétu sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lókè lọ́dún tí a kọ́kọ́ lọ, mi ò gbàgbé rẹ̀. Ó ní: "Àwa gbẹ́ yàrà, a mọ odi, a ní ẹnu ibodè Àkàbà Ìdẹ́nà, síbẹ̀ wọ́n fọ́ Kétu ní 1886. Ẹ̀yin, Ọlọ́run ló mọ odi tiyín." A dákẹ́ títí lẹ́yìn ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yà sí agbolé tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Wọ́n á sọ ibi tí ẹ lè dé fún yín àti ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dé, torí ibi òrìṣà wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ní ẹ má ya fọ́tò, ẹ fi fóònù sápò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ lọ, torí kò dáa kí ẹ máa kan ilẹ̀kùn àgbàlagbà ní aago mẹ́fà òwúrọ̀.

Ẹnì kan bi mí, ó ní onígbàgbọ́ lòun, ṣé kì í ṣe ìbọ̀rìṣà lòun fẹ́ fi owó òun ṣe. Rárá o. Kíkí onílé kì í ṣe ìbọ. Ọ̀rẹ́ mi ń kírun ní wákàtí márààrún, òun náà ló sì máa ń gbé obì fún bàbá agbolé.

Ti owó: ẹnì kan níbí ní wọ́n béèrè 10000 fáráǹkì lọ́wọ́ òun lẹ́yìn tí òun sọ̀kalẹ̀, ó sì bínú. Ó yẹ kó bínú. Ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni sọ iye kó tó gòkè, òun náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá agbolé fún yín ní ọ̀dọ́ kan tó mọ ọ̀nà, ẹ dá iye náà níwájú bàbá kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, 2000 fáráǹkì la fún ọmọ tó mú wa lọ, a sì fún un ní oúnjẹ. Ẹ má fọwọ́ lé e pé ẹ ti mọ ọ̀nà. Èmi tí mo ti lọ tó bẹ́ẹ̀, mo ṣì ń mú ọmọ agbolé dání.

* * *

Ní ṣókí, torí ẹ ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta: bàtà. Bàtà onírọ́bà tó bo ọmọ ìka, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ tán. Sálúbàtà, rárá.

* * *

Ohun mẹ́ta tó lè pa èèyàn lára níbẹ̀, yàtọ̀ sí oòrùn.

Òkúta. Àpáta wa ń bó bí alùbọ́sà, ìpele kan lórí ìkejì. Oòrùn àti òjò ọdún gbọọrọ ló ń ṣí i. Ìpele míì ṣì wà níbẹ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ fi gìgísẹ̀ kàn án kí ẹ tó gbé ara lé e: tí ó bá dún gbọ̀-gbọ̀ bí igbá òfìfo, ẹ gba ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi orúnkún mi gba ilẹ̀ lọ́dún kẹrin.

Oyin. Wọ́n wà nínú pàlàpálá àpáta. Ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ má ju òkúta sínú ihò, ẹ má pariwo sẹ́nu ihò kí ẹ lè gbọ́ gbohùngbohùn. Tí wọ́n bá dìde, ẹ má fi ọwọ́ lé wọn. Ẹ fi aṣọ bo ojú àti imú, ẹ máa lọ, ẹ má dúró wẹ̀yìn.

Òjò. Òjò àkọ́rọ̀ kì í kìlọ̀ púpọ̀. Láti ìlà oòrùn, ọ̀nà Nàìjíríà, ló sábà máa ń yọ, atẹ́gùn ńlá á ṣáájú rẹ̀, irọ̀lẹ́ ló sì fẹ́ràn jù. Ìdí mìíràn rèé tí n kò fi fẹ́ kí ẹ wà lókè lẹ́yìn ọ̀sán. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ máa kà. Ìró ń rin kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Tí ẹ kò bá kà dé 30 kí àrá tó sán, kò tó kìlómítà mẹ́wàá sí yín, ẹ máa sọ̀kalẹ̀, ìbáà ṣe pé oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu. Orí àpáta, ẹ̀yin lẹ ga jù níbẹ̀. Ibi dúdú tó wà lára òkúta náà, tí omi bá ti kàn án, ó ń yọ̀ bí ilá.

* * *

Ẹnì kan béèrè ohun tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn: ọ̀rẹ́ òun ń rìn ju òun lọ, ó máa ń ti òun lójú láti ní kó dúró.

Ẹni tó ń rọra rìn ni kó ṣáájú. Èmi ni mo ń yára láàárín àwa méjèèjì, ẹ̀yìn ni mo máa ń wà. Ní ọdún àkọ́kọ́ èmi ni mo ṣáájú, mo máa ń dé ibi gíga, mo máa ń jókòó dè é. Tí ó bá dé, èmi ti sinmi tán, máa dìde, òun kò tíì mí. Ó fara dà á dé òkè, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a jókòó sí oúnjẹ, ó ní: "Ìwọ nìkan lo gun òkè lónìí." Ó dùn mí dé egungun. Láti ìgbà náà, òun ló ń mú wa lọ. A máa ń lo ogójì ìṣẹ́jú sí i, a sì máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ìyá òun ń ṣàìsàn. Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá, ó dúpẹ́, ó ní ètò ti yí: àwọn ò se àtáṣì mọ́, ìyàwó rẹ̀ náà ti ní òun ń bọ̀. Ó béèrè aago tí wọ́n máa kúrò ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ má kúrò ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ kúrò, ní àárọ̀. Láti Kútọnu nìkan, ó tó nǹkan bí kìlómítà 250. Ẹ gba ọ̀nà Bohicon. Tí ẹ bá dé Ìdàáṣà, ọ̀nà pín méjì: tòsì lọ sí Savalou, ọ̀tún ni tiwa. Nígbà kan rí ẹ ò bá wọ ọkọ̀ ojú irin kí ẹ sọ̀ ní ìdíkọ̀ wa, ṣùgbọ́n kì í gbé èrò mọ́. Tí ẹ bá wọ ìlú, zémì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọ̀kadà, á gbé yín dé ibi tí ẹ máa sùn.

Inú mi dùn pé ìyàwó yín ń bọ̀. Ẹni mẹ́ta, lítà mẹ́sàn-án nìyẹn, ẹ pín in sí àpò mẹ́ta. Irọ̀lẹ́ Jímọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ kí bàbá agbolé, lẹ́yìn náà ẹ lọ ra wàgàsì kí ilẹ̀ tó ṣú, torí tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ò ní lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, èyí tó ti pẹ́ ni wọ́n á kó fún yín. Ẹ ra mẹ́rin. Ọmọ tó máa mú yín lọ náà á jẹ níbẹ̀.